Okùn Tó Nípọn àti Okùn Tó Tẹ́ẹ́rẹ́ ní Avalon

Erékùṣù Santa Catalina wà nínú òkun Pàsífíìkì, lọ́ọ̀ọ́kán etíkun California ní Amẹ́ríkà. Avalon ni ìlú tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Láti 1898 títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìlú kékeré yìí ni àwọn tó ń pẹja fún ìdárayá ti jiyàn jù lọ lórí bó ṣe yẹ kí okùn nípọn tó fún oríṣi ẹja kọ̀ọ̀kan. Òfin tó ti inú àríyànjiyàn náà jáde kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja òkun tó fi ọ̀pá mú wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé lónìí.

Kó tó di ìgbà náà, okùn àfọwọ́fà ni wọ́n ń lò. Okùn náà ki, ìwọ̀ rẹ̀ tóbi, ẹja kì í sì í lè jà níwájú rẹ̀. Ẹja yellowtail, tó sábà máa ń wọn pọ́ùn 15 sí 30, bó bá ti gbé ìdẹ mì báyìí, ó di orí iyanrìn. Charles Frederick Holder, òǹkọ̀wé nípa ohun ẹlẹ́mìí inú òkun tó ti ìlú Lynn ní Massachusetts wá tẹ̀dó sí Pasadena, ṣàkíyèsí pé ẹja tí wọ́n ń fà jáde pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń jẹ lọ. Ìyókù ń ṣègbé lásán. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tọ́ kó dun ènìyàn.

Ní June 1, 1898, Holder fi ọ̀pá àti okùn ọ̀gbọ̀ mú túnà kan tó wọn pọ́ùn 183. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45 ló fi bá a wọ̀yá ìjà. Inú oṣù yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ apẹja tó ń jẹ́ Tuna Club sílẹ̀ ní Avalon, Holder sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ète ẹgbẹ́ náà ni láti dáàbò bo ẹja etíkun náà, nípa mímú kí àwọn ènìyàn fi okùn àfọwọ́fà sílẹ̀ kí wọ́n sì gba ọ̀pá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni C. P. Morehouse mú túnà tó wọn pọ́ùn 251.

Okùn ayé ìgbà náà, ọ̀gbọ̀ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni. Iye fọ́nrán inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n sì ń ka fọ́nrán kan sí pọ́ùn mẹ́ta nígbà tí okùn bá tutù, torí pé ọ̀gbọ̀ máa ń lágbára sí i nínú omi. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ yìí kan náà ló ń jẹ ẹ́ rà. Apẹja tó bá dé èbúté ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ tú gbogbo okùn rẹ̀, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án, kó sì sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá ṣọ̀lẹ níbi iṣẹ́ yìí, okùn rẹ̀ yóò já lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó jù.

Ohun ìpẹja wúwo, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ náà, ni ọ̀pá tí kò kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́sàn-án, pẹ̀lú okùn tí fọ́nrán rẹ̀ kò ju 24 lọ. Apẹja gbọ́dọ̀ dá nìkan bá ẹja rẹ̀ jà títí ọlọ́kọ̀ yóò fi lè na ìkọ́ sí i. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́, ẹja náà kò sí nínú ìwé mọ́. Ẹni tó bá fi ohun ìpẹja wúwo mú túnà tó kọjá pọ́ùn 100 ni wọ́n ń fún ní bọ́tìnnì búlúù.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí okùn ń wé mọ́. Bí túnà bá ti gbé ìdẹ, ó máa ń sáré lọ, lẹ́yìn náà á sì forí lé ìsàlẹ̀ òkun. Kẹ̀kẹ́ náà á máa yí padà sẹ́yìn, ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń yí i á sì máa yí pẹ̀lú rẹ̀ kíákíá, débi pé ó lè ṣẹ́ ìka. Bíréèkì kan ṣoṣo tó wà ni awọ pẹlẹbẹ tí apẹja ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́ okùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, okùn já. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, okùn tán. Bí ẹja bá dúró, apẹja á gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀, á sì yára wé ìwọ̀nba okùn tó bá rí gbà. Báyìí ni yóò ṣe é fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Lọ́dún 1906, Thomas McD. Potter mú kíláàsì ohun ìpẹja tó fúyẹ́ wọlé: igi òkè ọ̀pá kò gbọdọ̀ wúwo ju áúnsì mẹ́fà, fọ́nrán okùn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án. Kò pẹ́ tí èyí tí wọ́n pè ní “three-six” fi tẹ̀ lé e. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ kò ju áúnsì mẹ́fà lọ, okùn rẹ̀ sì jẹ́ fọ́nrán mẹ́fà. Fún yellowtail tó wà ní gbangba omi, okùn fọ́nrán mẹ́sàn-án tó, ó tilẹ̀ dára. Àmọ́ yellowtail tó bá wà nítòsí kelp, koríko òkun gígùn tó yí erékùṣù náà ká, inú koríko ló máa sá wọ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja black sea bass, tó lè kọjá pọ́ùn 300, tó sì ń gbé ìdí àpáta àti kelp. Ó gba okùn gidi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn fọ́nrán mẹ́sàn-án tọ túnà ńláńlá lẹ́yìn, torí kí orúkọ wọn lè wà nínú ìwé. Zane Grey, ìlúmọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé, takò wọ́n nínú ìwé rẹ̀, Tales of Fishes, tó jáde ní 1919. Ohun tó rí sí i ni pé okùn tó já kì í dá ẹja sílẹ̀: ẹja á gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú tàbí kí ekurá pa wọ́n jẹ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nítorí ìfiṣòfò ẹja ni Holder ṣe kọ okùn àfọwọ́fà sílẹ̀. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù sì tún fi ẹja ṣòfò, ní ibi tí ojú kò ti rí i.

Ojútùú kan ti ti ibòmíràn yọ. Apẹja kan, William Boschen, ló ronú pé kí bíréèkì wà nínú kẹ̀kẹ́ okùn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun ìyípo onírìsí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí apẹja lè fún un tàbí kó dẹ̀ ẹ́ bó bá ṣe fẹ́. Kẹ̀kẹ́ kì í yí ọwọ́ irin sẹ́yìn mọ́. Ní 1913, ó fi í mú ẹja swordfish tó wọn pọ́ùn 355, èyí àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá mú. Láti ìgbà náà, ohun ìpẹja wúwo kúrò ní ohun tí alágbára nìkan lè lò. Grey mú swordfish tó wọn pọ́ùn 418 ní 1920. Lọ́dún 1921, ìyáàfin Keith Spalding, obìnrin tí ara rẹ̀ kò tóbi, mú èyí tó wọn 426.

Ní 1939, Michael Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ International Game Fish Association (IGFA) sílẹ̀ ní American Museum of Natural History ní New York, láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja gbogbo àgbáyé. Nígbà tí náílọ́ọ̀nù gba ipò ọ̀gbọ̀, iye pọ́ùn tí okùn lè gbé kó tó já ni wọ́n ń kà dípò fọ́nrán, àmọ́ ìlànà pínpín okùn sí kíláàsì tí Avalon ń lò kò yí padà. Lónìí, kíláàsì okùn bẹ̀rẹ̀ láti pọ́ùn méjì, ó sì parí sí 130. Ẹja tí wọ́n bá fi okùn tó ju ìyẹn lọ mú, bó ti wù kó tóbi tó, IGFA kì í kọ ọ́ sílẹ̀.