Ọmọrí Tó Ń Ṣí Fúnra Rẹ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná àwọn kan ní Ìkòyí tàbí ní Bódìjà lóde òní, ẹ ó rí agolo kan tó ń dán gbinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ ṣáà na ọwọ́ sókè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ súre fún ọmọ, ọmọrí rẹ̀ á gbéra, á là gbàà. Ẹ ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín sí i. Kí ẹ tó yíjú padà, ó ti pa ẹnu dé. Àwọn ọmọdé tó bá kọ́kọ́ rí i á máa fi ṣeré títí bátìrì rẹ̀ á fi kú. Àwọn àgbà ní tiwọn á ní, "Ọ̀lẹ mà ti dáyé o! Agolo ilẹ̀ náà tún ń ṣílẹ̀kùn fún wa?"

Èmi ò gbà pé ọ̀lẹ ni. Bí ènìyàn bá tọpa ọmọrí yìí sẹ́yìn, á rí i pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, àti pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí i padà, ọwọ́ ẹnì kan ló fà á: ọwọ́ tó kún, ọwọ́ tó ti rẹ̀, tàbí ọwọ́ tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ kó dọ̀tí. Ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé ọmọrí yìí kan náà ló fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Nílẹ̀ Yorùbá láyé ìjọsí, kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ọmọrí kankan. Ààtàn ni tiwa. Ìyàwó ilé á gbálẹ̀ ní kùtùkùtù, á kó o sínú agbọ̀n tàbí àpáàdì, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu, eérú, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹrà níbẹ̀. Adìyẹ á tan díẹ̀ jẹ, bó bá sì pẹ́, ẹ̀fọ́ tó bá hù lórí ààtàn a máa tutù yọ̀yọ̀ ju ti oko lọ. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀gbin ìgbà yẹn kì í ṣe ọ̀rá àti ike.

Ìlú ńlá ló sọ ọ̀rọ̀ di wàhálà. Tí ènìyàn bá ń gbé lórí ara wọn nínú ilé alájà márùn-ún, mẹ́fà, níbo ni ẹ̀yìnkùlé wà? Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní Páríìsì, olú-ìlú Faransé, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ojú títì ni oníkálukú ń da ilẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn kan á jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, àtùpà lọ́wọ́ kan, irin oníkọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kejì, wọ́n á máa tú òkìtì náà wò. Àkísà, egungun, bébà, ìgò àfọ́kù, kò sí èyí tí kò lówó lórí. Àwọn tó ń ṣe bébà ń ra àkísà, àwọn tó ń ṣe bọ́tìnnì ń ra egungun. Tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ìjọba bá fi máa dé láàárọ̀, ohun tó dára ti kúrò nílẹ̀.

Gómìnà àgbègbè náà nígbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugène Poubelle, amòfin tí wọ́n bí ní 1831. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1883, ó pàṣẹ pé kí gbogbo onílé ra agolo ńlá tó ní ọmọrí fún àwọn ayálégbé wọn. Kò gbọdọ̀ gbà ju lítà 120 lọ. Ó tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó ń jẹrà lọ́tọ̀, bébà àti àkísà lọ́tọ̀, ìgò àti àwo àfọ́kù pẹ̀lú ìkaraun ọ̀pọ̀ọ̀rọ̀ ẹran odò tí wọ́n ń jẹ lọ́tọ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ń kéde lórí rédíò fún wa pé ọ̀nà tuntun ni, ọkùnrin yìí ti sọ ọ́ ní 1883! Láti oṣù kìíní 1884 ni àṣẹ náà ti múlẹ̀.

Ariwo sọ. Àwọn onílé ń bínú nítorí owó agolo. Ṣùgbọ́n igbe àwọn tó ń ṣa pàǹtí tà ló lágbára jù, torí ọmọrí agolo ti bo ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ohun tó wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé lánàá ti wọ inú agolo tó ní olówó, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì ń bọ̀ láti wá gbé e lọ. Àwọn ìwé ìròyìn dá sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ gómìnà pe agolo náà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbẹ̀yìn ìjọba dẹwọ́ díẹ̀, wọ́n gbà kí àwọn ènìyàn náà ṣì máa ṣà nínú agolo kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Yẹ̀yẹ́ orúkọ yẹn kò lọ mọ́ o. Títí di òní olónìí, poubelle ni agolo ilẹ̀ ń jẹ́ lédè Faransé. Ẹ lọ bi àwọn ènìyàn wa ní Kútọnu àti Lomé, ohun tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn. Ọkùnrin náà ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́dọ̀ Póòpù lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ ta ló rántí?

Èyí tí àwa ń pè ní dọ́sìbìn, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni àpótí eérú, torí pé eérú èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ló fi wolé-wolé ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Bí wolé-wolé bá yọ lórí òpópónà, ìyá tí kò bo ìkòkò omi rẹ̀ á sáré da omi náà nù kí wọ́n tó rí tanwíjí nínú rẹ̀, torí ilé ẹjọ́ ló kàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọmọrí ti di ọ̀rọ̀ òfin lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọmọrí ní ìyọnu tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ẹja lọ́wọ́, tí ìfun ẹja kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ló fẹ́ fi ṣí i? Á gbé ìfun kalẹ̀, á ṣí ọmọrí, á tún gbé ìfun, á dà á, á dé ọmọrí, á lọ fọ ọwọ́. Ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló jókòó ka ìrìn ọwọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì gba ọmọrí kúrò lọ́wọ́ fi lé ẹsẹ̀, ni ìyá Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lillian Gilbreth.

Ọdún 1878 ni wọ́n bí i ní California. Ọkọ rẹ̀, Frank, kọ́ṣẹ́ bíríkìlà nígbà èwe, ó sì ṣàkíyèsí pé ìgbà 18 ni bíríkìlà ń gbé ara kí ó tó to bíríkì kan. Ó dín in kù sí bíi márùn-ún. Tọkọtaya yìí wá sọ ọ́ di iṣẹ́: wọ́n ń lọ sí ilé iṣẹ́ kiri, wọ́n á fi sinimá ya ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á fi aago ka ìṣísẹ̀ wọn, wọ́n á wá sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe lè yá tí ara kò sì ní bó ènìyàn. Ọmọ 12 ni ìyá yìí bí, ó sì tún gba oyè dókítà ní Yunifásítì Brown ní 1915. Kí ẹ tó sọ pé ẹnu lásán ni, méjì nínú àwọn ọmọ náà kọ ìwé nípa ilé wọn ní 1948, gbogbo ayé ló kà á.

Ní 1924, Frank ṣubú, ó kú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pe tọkọtaya wá tẹ́lẹ̀ kò pe opó mọ́. Wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ wá sọ fún ọkùnrin nípa ẹ́ńjìnnì? Ọmọ 11 ló wà nílẹ̀ tó ń jẹun. Ìyá yìí ronú, ó ní ó dáa, ibi tí wọ́n gbà pé obìnrin mọ̀ náà ni òun yóò gbà wọlé. Ó kọjú sí ilé ìdáná. Fún ilé iṣẹ́ General Electric, ó fọ̀rọ̀ wá obìnrin tó lé ní 4,000 lẹ́nu wò kí ó lè mọ bí ó ṣe yẹ kí sítóòfù àti ibi ìfọwo ga tó. Wọ́n ní òun ló ronú kan pẹpẹ kéékèèké tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, àti agolo ilẹ̀ onítẹ̀, èyí tí ènìyàn á fẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ télọ̀, tí ọmọrí á sì gbéra. Nígbà tó yá, ó ṣètò ilé ìdáná fún àwọn obìnrin tó ní àìsàn ọkàn àti àwọn aláàbọ̀ ara, kí wọ́n lè dáná fún ọmọ wọn láìbẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ sì jẹ́rìí pé òun fúnra rẹ̀ kì í sábà dáná o! Ní 1965, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú ẹgbẹ́ àgbà àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1972.

Ní Denmark, ọ̀dọ̀ ìyàwó ni agolo onítẹ̀ tiwọn náà ti wá. Marie, aya Holger Nielsen, ṣí ṣọ́ọ̀bù onírun ní ìlú Randers ní 1939. Ó nílò agolo tí yóò máa kó irun tó bá gé sí. Alágbẹ̀dẹ irin ni ọkọ rẹ̀, ó bá ṣe ọ̀kan fún un, irin tó wúwo tí kò lè yí dànù bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn dókítà eyín àti ilé ìwòsàn rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ń tà á sí jù. Ọ̀kan nínú agolo náà wà nínú ilé ìkóhun-ọnà-sí ńlá ní New York báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán olówó iyebíye. Agolo ilẹ̀ o!

Kí ló wá gba ọmọrí kúrò lẹ́sẹ̀? Ilẹ̀kùn ló ṣáájú rẹ̀. Ní Corpus Christi, ní Texas, afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn lára. Ní 1954, Lew Hewitt àti Dee Horton gbèrò ilẹ̀kùn tí yóò máa rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti tẹ ẹní tó wà níwájú rẹ̀. Ní 1960 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Nígbà tí ohun èlò kéékèèké wá di ọ̀pọ̀, ojú rọ́pò ẹní, ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn báńkì sì wá kéré dé ibi tí ó lè jókòó sára agolo.

Ojú méjì ló wà níwájú ọmọrí náà. Ọ̀kan ń ju ìtànṣán tí àwa kò lè rí, irú èyí tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń jù. Èkejì ń dúró dè é. Bí ọwọ́ bá dé ibẹ̀, ìtànṣán á kọlù ú, á padà, ojú kejì á gbà á, ó di kí ẹ́ńjìnnì tíńtín yí, kí ọmọrí gbéra. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún dé. Ó ní àléébù. Oòrùn tó bá wọlé látojú fèrèsé lè dà á lójú rú, torí irú ìtànṣán yẹn wà nínú oòrùn. Ohun dúdú kirikiri a máa gbé ìtànṣán mì, agolo á dákẹ́ bíi pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ológbò tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ sì lè ṣí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì wa tí wọ́n ń ṣe é fún iṣẹ́ àṣekágbá wọn sábà máa ń lo ọ̀nà àdán. Ohun èlò kan ń pariwo lọ́nà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa kì í gbọ́ ju 20,000 lọ, nítorí náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ariwo náà á lọ kan ọwọ́, á padà. Pátákó kékeré kan tó ń jẹ́ Arduino, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 2005, á ka iye àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀, á pín in sí méjì, á mọ bí ọwọ́ ṣe jìnnà tó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí. Àwọn kan fi igi pákó àti ike bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn tó tún fi ojú kejì sínú ọmọrí, tó kọjú sísàlẹ̀, tó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga tó nínú agolo. Àwọn ọmọ yẹn mọ ìlú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ilẹ̀ tí wọ́n ti dà sínú odò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ. Èkó ti dá àjọ ìkólẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, orúkọ rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó di LAWMA ní 1991, òkìtì sì tún ń gbèrú lábẹ́ afárá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò bá yọjú. Àwọn tó ń fi irin oníkọ́kọ́rọ́ ṣa ike àti kọ̀ǹdẹ́mù káàkiri, bíi ti Páríìsì ìjọsí, ló ń bá wa dín in kù.

Bí ilẹ̀ bá dé ọrùn nínú agolo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, gílóòbù pupa kékeré kan á tàn lára rẹ̀, iṣẹ́ á lọ sórí fóònù ẹni tó yẹ kó wá dà á. Láti ìgbà náà, ẹ na ọwọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọmọrí kò ní ṣí, àfi bí akólẹ̀ bá dé.