Tour du Faso: Ìtàn Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Bùrkínà Fásò

Tour du Faso ni ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n fi ń yí orílẹ̀-èdè Bùrkínà Fásò ká. Ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn eléré fi ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn lápapọ̀ sì máa ń ju 1,000 kìlómítà lọ. Ó wà lára àwọn ìdíje kẹ̀kẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Áfíríkà. Owó ìjọba àti ọwọ́ ará òkèèrè ti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èrò tó ń tò sẹ́bàá títì láti wò ó ló mú kó tọ́jọ́.

Ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ti rí àyè

Àríwá Gánà, Tógò àti Benin ni Bùrkínà Fásò wà, kò sì ní etíkun. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú púpọ̀: òkè tó ga jù níbẹ̀, Ténakourou, kò ju mítà 749 lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ti di ohun ìrìnnà tolówó tòtòṣì níbẹ̀. Obìnrin a pọnmọ, a di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a sì gùn ún lọ sọ́jà láìsí ẹni tí yóò wò ó bí ohun àrà. Nílẹ̀ Yorùbá náà, kẹ̀kẹ́ Raleigh ti níyì rí lójú àgbẹ̀ oníkòkó, kí ọ̀kadà tó gba ipò rẹ̀. Láti Ìlobù dé Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ọ̀kadà lèèyàn ń dá dúró bó bá fẹ́ tètè débi tó ń lọ. Alùpùpù ti pọ̀ ní Ouagadougou náà, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò kúrò lójú títì.

Ikú Fausto Coppi

Eré kẹ̀kẹ́ ti so orílẹ̀-èdè yìí mọ́ Yúróòpù tipẹ́, ìbànújẹ́ ló sì kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí Bùrkínà Fásò ṣì ń jẹ́ Upper Volta lábẹ́ Faransé, wọ́n pe àwọn àgbà eléré kẹ̀kẹ́ wá sí Ouagadougou láti díje, kí wọ́n sì ṣọdẹ ẹran ìgbẹ́. Jacques Anquetil àti Raphaël Géminiani, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fausto Coppi ará Ítálì, ẹni tó ti gba Giro d'Italia lẹ́ẹ̀marùn-ún àti Tour de France lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀fọn jẹ Coppi àti Géminiani. Nígbà tí wọ́n padà sílé, àìsàn dá àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé rí i pé ibà ni, wọ́n fún Géminiani ní kínínì, ó sì yè. Àwọn tó ń tọ́jú Coppi ní Ítálì kò ro ọ̀rọ̀ náà sí ibà. Coppi kú ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1960, ó jẹ́ ẹni 40 ọdún. Bí orúkọ Upper Volta ṣe wọnú ìtàn eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé nìyẹn, ọdún 27 ṣáájú kí orílẹ̀-èdè náà tó ní ìdíje ńlá tirẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987

Ìgbà ìjọba Kápútẹ̀nì Thomas Sankara ni wọ́n dá Tour du Faso sílẹ̀. Sankara gba ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, ó sì yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Bùrkínà Fásò ní ọdún kejì. Ó ta àwọn ọkọ̀ Mercedes ìjọba, ó ní kí àwọn mínísítà máa lo Renault 5, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣeré ìdárayá. Òun fúnra rẹ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ ní gbangba. Ìdíje tí kẹ̀kẹ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ará oko bá ìlànà rẹ̀ mu, nítorí ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ kó sì wòran lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún 1987 yìí kan náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ni wọ́n pa Sankara. Blaise Compaoré gba ipò rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ará ìlú fi lé e lọ ní 2014. Ìjọba tó dá ìdíje náà sílẹ̀ wó, ìdíje náà kò bá a wó.

Bí wọ́n ṣe ń díje

Ìpele kan ni wọ́n máa ń gùn lójúmọ́. Wọ́n á ro àkókò tí eléré kọ̀ọ̀kan lò ní gbogbo ìpele pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló ni ìdíje. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú ìṣirò yìí ló ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, àṣà tí Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní 1919. Nítorí náà, ẹni tí kò gba ipò kìíní ní ìpele kankan lè gba gbogbo ìdíje. Ìpele míì máa ń ju 100 kìlómítà lọ, bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlobù dé Ìbàdàn, tó sùn, tó tún gbéra ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni àwọn eléré ń wá. Ọ̀gá kan ni ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún: àwọn yòókù á gbomi wá fún un, wọ́n á sì ṣíwájú rẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́ sára, nítorí agbára tí ẹni tó wà lẹ́yìn ń lò kéré gan-an sí ti ẹni tó wà níwájú. Níbi tí òkè ti pọ̀, ẹni tó lágbára lè fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè. Ní Bùrkínà Fásò, ilẹ̀ títẹ́jú kì í jẹ́ kí ìyẹn rọrùn. Àgbájọ àwọn eléré yòókù ló sábà máa ń lé ẹni tó sá lọ bá, wọ́n á wá jọ fi eré àsápajúdé parí rẹ̀. Oòrùn àti eruku ló kù tó ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀.

Ọwọ́ ará òkèèrè

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Tour de France bá wọn ṣètò ìdíje náà fún ọdún mélòó kan. Ní 2005, nígbà tí àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé, UCI, dá UCI Africa Tour sílẹ̀, Tour du Faso wọlé. Láti ìgbà náà ni eléré tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ ti ń gba máàkì tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹgbẹ́ láti Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé, Jámánì, Mòrókò àti àwọn orílẹ̀-èdè aládùúgbò a máa wá.

Àlejò ti gba ìdíje náà, Guy Smet ará Bẹ́ljíọ̀mù sì wà lára wọn. Àmọ́ onílé kò fi ilé sílẹ̀ fún àlejò: Abdul Wahab Sawadogo, Jérémie Ouédraogo, Harouna Ilboudo àti Mathias Sorgho, tó gbà á ní 2018, jẹ́ ọmọ Bùrkínà Fásò.

Ìṣòro ààbò

Láti nǹkan bí 2015 ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń da àríwá àti ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà láàmú. Ìdíje tó ń gba ojú títì gbalasa kọjá ṣòro láti ṣọ́ ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nínú ọgbà lọ, torí náà ààbò ló wá ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n lè gbà. Ìfipágbàjọba méjì tún wáyé ní 2022 nìkan.

Ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ọdún kan lẹ́yìn Tour du Faso ni Tour du Rwanda bẹ̀rẹ̀, ní 1988. Ó ti wá ga jù ú lọ nínú ètò UCI báyìí, ìlú Kigali sì gba ìdíje àgbáyé lálejò ní 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Gàbọ́n dá Tropicale Amissa Bongo sílẹ̀ ní 2006. Ní 2024, Biniam Girmay ọmọ Ẹritíríà di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ọmọ Áfíríkà tó gba ìpele kan ní Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé mọ́ ọn.

Nàìjíríà pọ̀ ní èrò, ó sì lówó ju Bùrkínà Fásò lọ, ṣùgbọ́n kò tíì ní ìdíje oníìpele tó fìdí múlẹ̀ bíi ti wọn. Ní Òlíńpíìkì Paris 2024, kẹ̀kẹ́ tí Ese Ukpeseraye fi ṣojú wa nínú eré orí pápá, ọwọ́ ẹgbẹ́ Jámánì ló ti yá a. Ẹ̀kọ́ tí Tour du Faso fi kọ́ni kò lọ́jú pọ̀: orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ gidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìdíje tí kì í yẹ̀, lójú títì tirẹ̀, lọ́dọọdún.