Eyín Tí Kò Hù: Ìtàn Ìwádìí Kan Láti Ọdún 1875

Nígbà tí èmi wà ní kékeré, bí eyín ọmọdé bá yọ, wọn a ní kí ó jù ú sórí òrùlé, kí alángbá má baà rí i. Bí alángbá bá rí i, wọ́n ní òmíràn kò ní hù mọ́. Nítorí náà, ọmọ tí eyín rẹ̀ kò bá hù padà ni a ń dá lẹ́bi pé aláìgbọràn ni. Èrò mi lónìí ni láti fi ìtàn gba ẹjọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rò.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20, ti àgbà jẹ́ 32. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń pé fún. Eyín tí ó gbẹ̀yìn pátápátá nínú ẹnu ni ó wọ́pọ̀ jù láti má hù. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ni eyín àgbà mìíràn kò fi ìgbà kan sí lẹ́nu wọn.

Ní ọdún 1875, Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ìdílé kan ní Sind, tí ó wà ní Pakistan lónìí. Láàárín ìran mẹ́rin, ọkùnrin 10 nínú wọn ni ó jẹ́ pé eyín 12 péré ni wọ́n ní. Àwọn ti iwájú sì kéré, wọn kò lágbára. Irun ara wọn kò tó nǹkan, awọ wọn a sì máa gbẹ nígbà ooru. Àwọn ọmọbìnrin kò ní àbùkù náà, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń gbé e fún àwọn ọmọkùnrin wọn. Kò sí ọkùnrin tí ó gbé e fún ọmọkùnrin tirẹ̀ rí. Darwin rí ipa ọ̀nà ohun tí à ń wí yìí, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Ọdún 1996 ni a tó dá jíìnì tí ó ń fa irú rẹ̀ mọ̀, tí a pè ní EDA.

Ní ọdún 1951, Hans Grüneberg, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹ eyín àwọn eku kan wò tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìran kan náà. Eyín ìkẹyìn kò sí lẹ́nu àwọn kan. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ó kéré. Ó wá yé e pé bí kókó eyín kò bá tó ìwọ̀n kan ní àsìkò tí ó yẹ, ńṣe ni yóò rọ. Èyí ni pé kíkéré àti àìhù kì í ṣe ọ̀ràn méjì. Ní ọdún 1963, Stanley Garn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tí eyín ìkẹyìn rẹ̀ kò bá hù, eyín rẹ̀ yòókù a máa kéré sí ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 1984, Alan Brook, tí ó yẹ eyín àwọn ọmọ ilé-ìwé wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so gbogbo rẹ̀ pọ̀: iye eyín àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo, àìhù ní ìpẹ̀kun kan, eyín ńlá àti eyín àlékún ní ìpẹ̀kun kejì. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù níhà àìhù, àwọn ọkùnrin níhà àlékún. Lẹ́yìn èyí ni a rí jíìnì MSX1 ní ọdún 1996, àti PAX9 ní ọdún 2000, nínú àwọn ìdílé tí eyín wọn kò pé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí èdè wa, nítorí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Yorùbá a máa yin eléjìí. Àlàfo iwájú ẹnu di ẹwà. Nígbà mìíràn, eyín tí ó kéré ni ó fi àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí ló wá dé tí a fi ń yin ẹni tí eyín rẹ̀ kéré, tí a sì ń bá ẹni tí tirẹ̀ kò hù wí, nígbà tí ìlà kan náà bí àwọn méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí alángbá sinmi. Ohun tí ọmọ jogún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí eyín àgbà bá pẹ́ jù kí ó tó yọ, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, kí ó ya àwòrán egungun ẹnu rẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá eyín náà ń bọ̀ tàbí kò sí rárá. Ìbáwí kò lè mú un hù.