Àrọ̀ àti Ìpẹja Òru ní Adágún Ọ̀yán
Òru ni ẹja àrọ̀ sábà máa ń jẹ. Irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn. Nítorí náà ni àwọn apẹja adágún Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ṣe ń dẹ ìwọ̀ àti ìgèrè nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń kó wọn láàárọ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò náà.

Ewu ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, pàápàá lọ́sàn-án, a sì máa gba awọ ara wọlé. Òru kò mú ewu náà kúrò pátápátá. Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.