Ogún Ta Ni? Àyẹ̀wò Ìtàn Wísíkì Asaka ti Ilẹ̀ Jàpáánì

1. Ìfáàrà
Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ohun tuntun ṣe ń fi ìtàn àtijọ́ ṣe ẹ̀wù. Àpẹẹrẹ tí a mú ni wísíkì Asaka, tí ilé iṣẹ́ Sasanokawa ní ìlú Koriyama, ní agbègbè Fukushima, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2019. Ọdún mẹ́ta péré ni ọtí náà lò nínú àgbá. Ilé tí ó ṣe é sì ti wà láti ọdún 1765. Ǹjẹ́ ọtí ọlọ́dún mẹ́ta lè pe ara rẹ̀ ní àrólé iṣẹ́ tí ó ti lé ní 250 ọdún?

2. Ogún tí ó ti òkèèrè wá
Èrò tí ó gbilẹ̀ jù ni pé ọmọ Skọ́tílándì ni wísíkì Jàpáánì. Ẹ̀rí èyí kò ṣòro láti rí. Ní 1918, Masataka Taketsuru, ẹni tí a bí sí ìdílé apọnsákè ní Takehara, lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Skọ́tílándì. Nígbà tí Shinjiro Torii dá Yamazaki sílẹ̀ ní 1923, Taketsuru ni ó fi ṣe alábòójútó. Shirofuda, ọtí wọn àkọ́kọ́, jáde ní 1929, ṣùgbọ́n kò tà. Òórùn èéfín rẹ̀ ni a sábà máa ń tọ́ka sí.

Ọkà báálì tí a rẹ sómi títí ó fi hù ni a fi ń ṣe irú wísíkì yìí, bí a ti ń fi àgbàdo híhù ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ibì kan ní Skọ́tílándì, koríko àbàtà tí ó ti jẹrà di ilẹ̀, tí a gé, tí a sì sá gbẹ, ni wọ́n fi ń dáná yá ọkà náà. Èéfín rẹ̀ a sì wọ inú ọkà lọ. Asaka ti 2019 kò gba èéfín yìí rárá.

3. Ogún ilé
Àwọn mìíràn lè sọ pé ilé sákè ni orísun rẹ̀. Òótọ́ ni pé apọnsákè ni Sasanokawa, ó sì gba ìwé àṣẹ wísíkì ní 1946. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ni a fi ń pọn sákè, a kì í sì í sè é kí a gba oòru rẹ̀. Ìkòkò bàbà tí Asaka ti jáde kò ṣiṣẹ́ títí di 2016. Kí wá ni wọ́n jogún? Ìmọ̀ nípa ìwúkàrà àti omi ni, àti sùúrù olùpamọ́. Ní 2004, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìdílé Ichiro Akuto bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, Sasanokawa ni ó gba nǹkan bí 400 àgbá wísíkì Hanyu sínú ilé ìpamọ́ rẹ̀. Akuto ló wá dá ilé iṣẹ́ Chichibu sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008.

4. Ìgúnlẹ̀
Èrò tiwa ni pé ẹlẹ́rìí rere ni ọtí tí kò pẹ́ nínú àgbá, tí kò sì gba èéfín: ohun tí ó lè bo ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é mọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọgbọ́n lílo ìkòkò wá láti òkèèrè, ọwọ́ sì wá láti ilé. Ọdún 1765 jẹ́ ti ìdílé. Ti ọtí bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ṣáájú 2021, kò sí òfin tí ó ní kí a má ra wísíkì láti ilẹ̀ òkèèrè kí a sì tà á bí ti Jàpáánì. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn olùṣe ọtí gbé kalẹ̀ lọ́dún náà, tí ó de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá láti oṣù kẹrin 2024, béèrè pé kí a se ọtí náà ní Jàpáánì, kí ó sì lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá onígi níbẹ̀. Kò béèrè ọjọ́ orí ilé tí ó ṣe é. Ó yẹ kí òpìtàn náà fi iṣẹ́ àti ibi tí a ti ṣe é ṣe òṣùwọ̀n, kí ó tó gba ọdún tí a kọ sára ìgò gbọ́.