Ta Ló Kọ́ Ọmọ Kòríà ní Ìjà?

Bí ọ̀rọ̀ ìwà ipá àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Kòríà bá ti délẹ̀, géèmù orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń nàka sí. Mi ò ní géèmù ò lọ́wọ́ sí i o. Àmọ́ ẹni tó bá yẹ ìtàn wò á rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ní 1910 ni Jàpáànù gba Kòríà. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, tìdà-tìdà ni àwọn olùkọ́ ń wọ kíláàsì. Ìgbà tí ará ìlú fárígá ní 1919 ni wọ́n tó bọ́ idà sílẹ̀. Idà lọ, pàṣán kù. Òmìnira dé ní 1945, ogun Àríwá àti Gúúsù sì jà láti 1950 sí 1953. Ní 1961, ọ̀gágun Park Chung-hee fipá gbàjọba. Nígbà tó di 1969, ẹ̀kọ́ ológun ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Níbi tí nǹkan bá ti rí báyẹn, ẹni tó fi kíláàsì kan ṣáájú ti di ọ̀gá. Bó bá na ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á ní ó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ìjọba ológun kógbá sílé, ìdánwò wá gorí àléfà. 1993 ni Suneung bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Títí dòní, bí wọ́n bá dé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ́tí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfurufú ò gbọ́dọ̀ gbéra, kò sì gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ọmọ á kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, á tún gba hagwon lọ, ilé lẹ́sìnnì tí òbí ń sanwó rẹ̀, ó di alẹ́. Ẹni tó jókòó tì í kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́, abánidíje ni. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni ọ̀rọ̀ kan gbòde lẹ́nu wọn: wangtta, ọmọ tí gbogbo kíláàsì dìtẹ̀ sí.

Ìjọba ṣòfin lórí ìwà ipá nílé ẹ̀kọ́ ní 2004. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2011, ọmọkùnrin kan ní ìlú Daegu gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó kọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fojú rẹ̀ rí sínú lẹ́tà. Gbogbo orílẹ̀-èdè sunkún. Láti 2012, wọ́n ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tó bá ṣe irú rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Gyeonggi fòfin de pàṣán olùkọ́ ní 2010. Ti òbí, ó di 2021 kí wọ́n tó yọ ẹ̀tọ́ àtibá ọmọ wí kúrò nínú òfin, èyí tí àwọn kan fi ń gbe nínà lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: wọ́n ti ń fòfin mú ọmọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó kan òbí.

Orúkọ tí wọ́n ń pe igi olùkọ́ níbẹ̀ ni "pàṣán ìfẹ́". Àwa náà ní ká fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi tí mò ń kọ èyí ti di pàṣán mú rí nínú kíláàsì, ìfẹ́ ni mo sì pè é. Ohun tí mi ò bi ara mi nígbà náà ni pé: èwo nínú ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ ń rántí?