Nígbàtí Orúkọ Bá Di Ọ̀rọ̀

Ilé li àwọn baba wa ńwò kí nwọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ a máa fi olúwarẹ̀ sílẹ̀ nígbàmíràn, a sì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìà ńlò li ọjà àti li oko. Nígbànáà kò sí ẹni tí í wo ilé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Ṣọ̀pọ̀nná. Òrìṣà ni í ṣe, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ àrùn tí ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìà. Ẹ̀rù a máa ba àwọn àgbà láti pè é. Olóde ni nwọ́n ńwí. Li ọdún 1980 a kéde pé àrùn náà ti tán li aiyé. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò li ẹnu wa.

Èṣù pẹ̀lú, ìránṣẹ́ Olódùmarè li àwọn babaláwo mọ̀ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde li ọdún 1884, orúkọ rẹ̀ li a fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ní Ìlọrin ẹ̀wẹ̀, níbi tí ìmọ̀ Kùránì ti fìdí múlẹ̀, Iblis inú ìwé mímọ́ náà di bìlísì, èyí tí a fi ńpe ẹnikẹ́ni tí ó bá ńdá ìjà sílẹ̀.

Èyí tí ó kan Ìlọrin jùlọ ni Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Aólẹ̀, ó sì pe Àlímì wá ràn án lọ́wọ́. Nígbẹ̀hìn, àwọn jàmáà tí òun tìkárarẹ̀ kó jọ ni nwọ́n pa á, ní ìwọ̀n ọdún 1824. Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ẹmíà àkọ́kọ́. Li ẹnu àwọn kan lónìí, ọ̀dàlẹ̀ li à ńpè ní Afọ̀njá. Bẹ́ẹ̀ni nígbàtí a bá ńki ìlú náà, Ìlọrin Afọ̀njá li à ńwí, ìyìn sì ni. Ẹni tí ó fi ńbú ènìà gbàgbé pé Afọ̀njá li ó kó àwọn ìletò àyíká wọ Ìlọrin, tí ìlú náà fi di alágbára. Ẹni tí ó fi ńyìn gbàgbé ọ̀tẹ̀ náà.

Ti Àlímì yàtọ̀. Ṣálíhù li orúkọ rẹ̀; ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ọ̀mọ̀wé ni Àlímì. Orúkọ ti Afọ̀njá di ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti Àlímì di orúkọ.

Àwa kò lè dí ẹnu aiyé. Ṣùgbọ́n kí a tó fi orúkọ òkú bú alàyè, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bèrè ìtàn rẹ̀. Òkú kò lè wí tẹnu rẹ̀ mọ́. Àwa tí ńpe orúkọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.